Kẹ̀kẹ́ àti Ẹmu ní Àfonífojì Ìgbómìnà

Ohun mẹ́ta ni ètò yìí gbé síwájú yín lálẹ́ òní fún àgbéyẹ̀wò: kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹmu, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó la àfonífojì kọjá. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí ọmọ Ìgbómìnà nínú wọn. Bóyá nítorí pé ojú ti mọ́ wọn jù ni kò jẹ́ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ nígbà kan rí, àti ohun tí wọ́n tún lè jọ ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú wọn, èyíinì ni ọ̀nà, ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán yóò rí i pé ilẹ̀ náà kò tẹ́ bí àwo. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Lórí òkè, koríko, igi emi àti igi igbá ni ó pọ̀. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tí omi ń ṣàn, ọ̀pẹ ni ó ń dúró ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí igi ògùrọ̀ sì ń ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Àwọn odò kéékèèké ibẹ̀ ń wá ọ̀nà wọn lọ sínú àwọn odò tí ó jù wọ́n lọ, bí Òṣìn, tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá títí yóò fi bọ́ sínú Odò Ọya. Ní bèbè wọn ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ táútáú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé gbólóhùn náà, ‘Ogbó mọ̀nà’, ni ó di Ìgbómìnà. Ogbó ni orúkọ àdá tí wọ́n fi lé Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Àdá náà ni wọ́n ní ó ń fọ̀nà hàn án nínú igbó. Bí àwọn onímọ̀ bá gba ìtàn náà gbọ́, tàbí wọn kò gbà á gbọ́, ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀: ọ̀nà kì í dédé wà. Ẹnìkan ni ó là á, àwọn mìíràn ni wọ́n ń rìn ín kí ó má baà dí.

Nínú àfonífojì wọ̀nyí ni adẹ́mu ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gbé igbà kọ́ èjìká, ó ti mú ọ̀bẹ àti akèrègbè rẹ̀, ó ti wọ inú ìrì lọ. Oríṣi igi méjì ni ó ń dá. Èkínní ni ọ̀pẹ tí ó ń so ẹyìn. Igbà ni adẹ́mu fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọn gùn ún dé òkè. Níbẹ̀ ni ó ti ń dá ojú ibi tí òdòdó akọ ti ń yọ, tí ó sì ń fi ọ̀pá ìparun tín-ín-rín darí omi rẹ̀ sínú akèrègbè. Èkejì ni ògùrọ̀, tí ó fẹ́ràn àbàtà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ máa ń tanná ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìgbà náà sì ni wọ́n ń dá a. Bí ó bá ti fi omi rẹ̀ tọrẹ tán, ó kú nìyẹn. Nítorí náà, adẹ́mu tí ó ń dá ògùrọ̀ tí kò gbin òmíràn, ojú owó ni ó ń jẹ, kì í ṣe èrè.

Omi tí ó bọ́ sínú akèrègbè lówùúrọ̀ dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Láti wákàtí dé wákàtí ni ṣúgà inú rẹ̀ ń di ọtí. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ta ahọ́n. Ní ọjọ́ kejì ó ti le. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, ó kan, kò sì sí ẹni tí yóò rà á mọ́. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin yìí ni ó ń darí gbogbo iṣẹ́ adẹ́mu, òun náà ni ó sì so ẹmu mọ́ kẹ̀kẹ́.

Kí kẹ̀kẹ́ tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹmu. Adẹ́mu kò lè dá ju ìwọ̀n tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lè rù dé ìlú kí oòrùn tó mú. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908 lẹ́yìn tí ó gba Ọ̀fà kọjá. Ṣùgbọ́n kò yà sí àárín ilẹ̀ Ìgbómìnà. Mọ́tò ní tirẹ̀ ń gba ojú títì, ojú títì kò sì dé ìdí ọ̀pẹ. Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́kọ́ mú kí ìrìn yá fún ẹni tí kò ní owó mọ́tò. Láàárín 1930 sí 1960, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò àti àgbẹ̀ ń tọ́jú owó pamọ́ láti rà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a ń háyà rẹ̀. Àwọn adẹ́mu ń di agbè mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀, wọ́n ń fi ewé dí ẹnu agbè náà, wọ́n sì ń gùn ún wọ ìlú pẹ̀lú ìfófòó tí ń ṣàn sí ara táyà. Ìlú mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ ti dé bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́.

Iṣẹ́ kan tún wà tí táyà kẹ̀kẹ́ ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ń tẹ koríko mọ́lẹ̀. Nítorí kẹ̀kẹ́ ni àwọn ará abúlé fi ń gé ẹ̀ka igi tí ó bá ya sí ojú ọ̀nà, tí wọ́n fi ń gbé ìtì igi dábùú odò kéékèèké, tí wọ́n sì ń kó òkúta dí ibi tí àgbàrá bá ti gbẹ́. Ọ̀nà ń ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ náà sì ń pa ọ̀nà mọ́. Nígbà tí alùpùpù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀kadà gbòde, láti ìparí àwọn ọdún 1980, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìtìjú. Ọ̀dọ́ kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lórí rẹ̀. Ọ̀kadà yára lóòótọ́, ó sì ti ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn àti aboyún lọ́wọ́ láti dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n epo ni ó ń mu, owó epo sì ń gun òkè. Bí ọ̀nà bá sì ti tóóró jù tàbí tí ó ga jù, ọlọ́kadà yóò yí padà. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀nà àfonífojì ṣe di igbó nìyẹn.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níwájú níhìn-ín, ó ń wọ ipò mìíràn ní òkè òkun. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Tamalpais àti àwọn òkè tí ó yí i ká. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Repack. Ohun tí orúkọ náà dá lé lórí ni pé bíréèkì inú wíìlì ẹ̀yìn ń gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ fi ń jó di èéfín, tí wọ́n sì ní láti rọ òmíràn sí i kí wọ́n tó tún lè gùn ún. Ní 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, jókòó ti irin, ó sì ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó dìídì wà fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí eré kẹ̀kẹ́ orí òkè fi wọ ìdíje Olympic, ní Atlanta, ní 1996.

Àgbàlagbà adẹ́mu tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ di eré. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wúwo, kò ní jíà, agbè ẹmu sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ fọ́. Bí ó bá dé ibi gíga, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò fi bàtà rẹ̀ ran bíréèkì lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun ni pé táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín tí ó ń di ilẹ̀ mú. Jíà ń mú kí òkè rọrùn fún ẹsẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀nà tí ó bá ń tẹ́ adẹ́mu àtijọ́ lọ́rùn, kẹ̀kẹ́ yìí yóò gbà á tìrọ̀rùntìrọ̀rùn.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Sípéènì, ibìkan wà tí a ń pè ní Rioja, tí òkìkí wáìnì rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Odò Ebro ni ó la ibẹ̀ kọjá, odò kan tí ó kéré sí i sì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oja. Láti 1916 títí di 1964, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń ná àfonífojì odò Oja yìí, láti ìlú Haro dé Ezcaray ní ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ náà kò mú owó wọlé mọ́, wọ́n pa á tì. Ní 1993, ilẹ̀ Sípéènì bẹ̀rẹ̀ ètò láti sọ ipa ojú irin àtijọ́ di ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, wọ́n sì pe àwọn ọ̀nà náà ní Vías Verdes. Ipa ojú irin Oja wà lára wọn, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 28. Lónìí, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Haro yóò rí ọgbà àjàrà, yóò rí oko ọkà, yóò gba ẹ̀bá odò lọ títí òkè yóò fi yọ sí i. Ọ̀nà tí kò mú owó wá mọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń gbà á ti di èyí tí ń mú àlejò wá nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà á.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí ó wà ní Sípéènì kò sí ní Òmù-Àrán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe ìyàtọ̀ owó. Wáìnì Rioja ń dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní gran reserva nínú wáìnì pupa rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọjà títí yóò fi lo ọdún 5, ó kéré tán, nínú àgbá àti nínú ìgò. Ẹni tí ó wà ní Èkó lè rà á láìkúrò lórí àga rẹ̀, kò sì ní pàdánù adùn kankan. Ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin, ti gbìyànjú láti fi ẹmu sínú ìgò, iṣẹ́ náà sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi ń dá ìwúkàrà dúró ń mú nínú ìtura ẹmu ìdí ọ̀pẹ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹmu ti rí ní agogo méje òwúrọ̀, àfi kí ó wá sí àfonífojì ní agogo méje òwúrọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn kà sí àléébù ẹmu yìí gan-an ni ó lè mú àlejò wá sí ìdí rẹ̀. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ń gbé ẹmu jáde lọ bá ènìyàn. Ó lè máa gbé ènìyàn wọlé wá bá ẹmu.

Bí àlejò bá sì dé, kì í ṣe ẹmu nìkan ni ojú rẹ̀ yóò rí. Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Níbẹ̀ ni àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800 wà, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó. Ní 1933, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, fi ìròyìn wọn tó àwọn aláṣẹ létí. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé fún wọn. Ilé náà sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní Ọ̀wá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, omi Òwu ń já láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ lé ní 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rin ìrìn-àjò afẹ́ ń gba inú mọ́tò lọ wo ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n sì ń padà lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kan náà. Owó wọn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta iṣu sísun ní abúlé. Oníkẹ̀kẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi yóò pa á, òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́, táyà rẹ̀ yóò jò, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá a. Gbogbo àìní rẹ̀ ni iṣẹ́ fún ẹnìkan: alásè, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, onílé tí ó ní yàrá kan tí kò lò, àti adẹ́mu.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìṣòro mọ́lẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù ni ààbò. Láti ọdún mélòó kan, àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà àti oko ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara di ibi ẹ̀rù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba ìlú Kòrò nínú ààfin rẹ̀, ní agbègbè Èkìtì ti ìpínlẹ̀ náà tí ó bá ilẹ̀ Ìgbómìnà pààlà. Àgbẹ̀ tí ń bẹ̀rù láti lọ sí oko rẹ̀ kò ní lóye ẹni tí ń sọ fún un pé kí ó retí àlejò. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gba àlejò níyànjú láti dá wọ inú àfonífojì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ènìyàn kò rìn mọ́ ni ó ń di ibùba àwọn oníṣẹ́ ibi. Ibi tí àwọn ọdẹ ìlú àti fijilanté ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tí koríko rẹ̀ wà ní gígé, tí àwọn ará abúlé sì mọ ojú àwọn tí ń kọjá níbẹ̀, kì í rọrùn fún ọ̀daràn láti sá pamọ́ sí. Pípa ọ̀nà mọ́ wà lára iṣẹ́ ààbò, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti ọtí. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìgbómìnà jẹ́ Mùsùlùmí àti Kristẹni tí ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí mímu. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àlejò ṣe bojúbojú láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àlejò lè wo bí wọ́n ti ń gun ọ̀pẹ, bí wọ́n ti ń dá a, kí ó má sì tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ ń jẹ́. Ẹni tí yóò bá mu nínú rẹ̀ ní láti rántí pé ẹmu kì í pariwo kí ó tó mú ènìyàn, àti pé kẹ̀kẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò mọ ẹni tí ó yó yàtọ̀ sí ẹni tí kò yó. Lẹ́yìn ìrìn ni ẹmu wà fún, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni ti ẹni tí yóò jẹ èrè. Bí ẹnìkan láti ìlú ńlá bá kó kẹ̀kẹ́ ogún wá, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò, tí adẹ́mu kò sì rí ju owó agbè kan lọ, ohun tí ó dára yóò di ìrẹ́jẹ. Ọ̀nà àfonífojì gba oko olóko kọjá. Àwọn olóko ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, àwọn ni ó sì yẹ kí ìpín kan máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó sì yẹ kí wọ́n fi ìpín kan ra ọmọ ògùrọ̀ gbìn, nítorí igi tí ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a kò ní dúró de ọmọ tí a kò tí ì bí.

Kí ni ó wá ṣeé ṣe? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì fi kíkọ́ àti títọ́jú ojú ọ̀nà lé wọn lọ́wọ́. Kò sí ìdí kankan láti dúró de Àbújá. Ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ifẹ́lódùn àti Ìsin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́wàá. Kí wọ́n yan ọ̀nà tí ó kúrú láàárín Òmù-Àrán sí Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí ojú títì, tí ó sì gba àkùrọ̀ àti ọ̀pẹ kọjá. Kí àwọn ọdẹ máa gba ibẹ̀ láràárọ̀. Kí ó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí odò kò kún tí ẹrẹ̀ kò sì gbé táyà mì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú jẹ́ àlejò àkọ́kọ́; Yunifásítì Landmark wà ní Òmù-Àrán láti 2011, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì wà níbẹ̀ tí wọn kò tí ì wọ àfonífojì tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn rí. Bí ọ̀nà kan yìí bá dúró fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì láìsí ewu, kí wọ́n tó ronú kan èkejì.

Àwọn ìbéèrè tí ìjíròrò alẹ́ yìí yóò dojú kọ nìyí. Àwọn wo ni olóko tí ọ̀nà náà yóò gba ilẹ̀ wọn, ta ni yóò sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀? Báwo ni àwọn ọdẹ yóò ṣe máa rí owó iṣẹ́ wọn gbà? Mélòó ni adẹ́mu tí ó kù tí ó ṣì mọ igbà í lò, mélòó nínú wọn sì ni ó ní ọmọ iṣẹ́? Ìbéèrè ìkẹyìn ni ó yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ tètè yá jùlọ. Bí ọ̀nà bá dí, àdá lè là á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n bí adẹ́mu bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, kẹ̀kẹ́ kò ní rí ibi tí yóò gbé àlejò lọ.